Ṣé Ikú Iṣẹ́ Èédú ní Gelsenkirchen Ló Fa Ìṣubú Schalke 04?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn yìí wá láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Ìbàdàn, ẹni tó ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Schalke 04 láti ìgbà tí Victor Agali ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ó ní kò yé òun bí ẹgbẹ́ tó dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú Champions League ní 2011 ṣe di ẹgbẹ́ líìgì kejì ní Jámánì lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá péré, tí pápá ìṣeré rẹ̀ sì ṣì ń kún fọ́fọ́. Ẹnìkan ti sọ fún un pé bí èédú ṣe tán nílùú Gelsenkirchen ni ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ìdáhùn mi ni pé kì í ṣe òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sún mọ́ òótọ́. Èédú ló bí Schalke, ṣùgbọ́n ikú èédú kọ́ ló ṣubú lù ú. Nígbà tí iṣẹ́ kúrò nílùú, bọ́ọ̀lù nìkan ló kù tí ará Gelsenkirchen fi lè gbé orí sókè láàárín àwọn ìlú Jámánì yòókù, àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó ọjọ́ iwájú kí ohun kan ṣoṣo yẹn má baà bọ́ mọ́ ìlú lọ́wọ́. Ìnáwó yẹn ló gbé wọn ṣubú. Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yéni, a ní láti bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀.

Gelsenkirchen wà ní agbègbè Ruhr, ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì. Kí wọ́n tó rí èédú níbẹ̀ ní nǹkan bí 1840, abúlé àgbẹ̀ ni. Ará Ireland kan, William Thomas Mulvany, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wa kùsà ńlá níbẹ̀, ó sì fún ibi ìwakùsà rẹ̀ ní orúkọ àtijọ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀, Hibernia. Friedrich Grillo, ọmọ Essen, dá ibi ìwakùsà Consolidation sílẹ̀ ní àdúgbò Schalke ní 1863, ó sì fi ilé iṣẹ́ irin Schalker Verein kún un ní 1872. Àwọn ará ibẹ̀ kò tó láti ṣe iṣẹ́ náà, nítorí náà àwọn onílé iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìlà-oòrùn, pàápàá sí agbègbè Masuria ní Prussia, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé sì kó wá. Èdè wọn sún mọ́ ti Poland, orúkọ wọn ṣòro lẹ́nu àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí wọ́n tó kà wọ́n sí ọmọ ilẹ̀ gidi.

Láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti jáde. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1904, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò náà, tí ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń kọ́ṣẹ́, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Westfalia Schalke. Àjọ bọ́ọ̀lù agbègbè náà kò kọ́kọ́ gbà wọ́n wọlé. Ní 1928 wọ́n ṣí pápá ìṣeré Glückauf-Kampfbahn lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Consolidation, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ ni ìkíni tí àwọn awakùsà máa ń kí ara wọn. Ernst Kuzorra, tó di akọni ẹgbẹ́ náà, ti sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò èédú rí. Òun àti àna rẹ̀, Fritz Szepan, ni wọ́n jẹ́ òpómúléró ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù kan tí àwọn ènìyàn ń pè ní Kreisel, nínú èyí tí bọ́ọ̀lù ń ti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀ láìdúró títí orí alátakò yóò fi dà rú.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà ní ìgbà náà tó ṣàlàyé apá kan ìbéèrè yín. Ní oṣù Kẹjọ 1930, àjọ bọ́ọ̀lù ìwọ̀-oòrùn Jámánì dá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ Schalke dúró, nítorí pé wọ́n san owó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ju èyí tí òfin gbà láyè lọ. Ìtìjú náà pọ̀ débi pé akápò ẹgbẹ́, Willi Nier, gbẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá wọn padà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 1931, nǹkan bí 70,000 ènìyàn ló ya bo pápá Glückauf-Kampfbahn láti wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Fortuna Düsseldorf, ní pápá tí wọn kò kọ́ fún iye èrò bẹ́ẹ̀. Wọ́n kò wá nítorí ife ẹ̀yẹ kankan, nítorí Schalke kò tíì gba ife ẹ̀yẹ Jámánì rí nígbà náà. Wọ́n wá nítorí pé, lójú wọn, àwọn ọ̀gá olówó ló fi ìyà jẹ ọmọ òṣìṣẹ́ nítorí pé ó gba owó díẹ̀ sí i.

Láti 1934 dé 1942 wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Jámánì nígbà mẹ́fà. Ní 1939 wọ́n na Admira láti Vienna ní 9–0 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá. Kò yẹ kí a ka àwọn ife wọ̀nyí láìrántí àkókò tí wọ́n gbà wọ́n. Ìjọba Hitler fẹ́ràn láti fi àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo ènìyàn, nígbà tó sì di 1938, Szepan wà lára àwọn tó jàǹfààní nínú bí wọ́n ṣe ń fipá gba dúkìá àwọn Júù, torí ó di onílé ìtajà aṣọ kan tó jẹ́ ti ìdílé Júù ní Schalke. Wọ́n pa àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ẹgbẹ́ náà tó gba àwọn olùwádìí láyè láti sọ ìtàn yìí ní gbangba, mo sì gbà pé ẹni tó bá fẹ́ràn Schalke gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú àwọn góòlù.

Ìgbà keje, tó jẹ́ ìgbà ìkẹyìn títí di òní, ni 1958, nígbà tí wọ́n na Hamburg ní 3–0 ní Hannover. Ọdún yẹn kan náà ni ìṣòro iṣẹ́ èédú bẹ̀rẹ̀ ní Ruhr. Èyí ló mú kí àlàyé tí ẹnìkan ṣe fún yín dùn létí, nítorí ó dà bíi pé ọjọ́ kan náà ni ìlú àti ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún ohun kan ṣe: èédú kò tán. Ó ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ lónìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé epo rọ̀bì láti òkè òkun pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ wálẹ̀, èédú Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá sì dínwó ju ti Ruhr lọ, níbi tí èédú ti jìn sínú ilẹ̀ tó sì túbọ̀ ń jìn sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sílé fún ọjọ́ díẹ̀ láìgbowó, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn kòtò pa.

Títì náà gba àádọ́ta ọdún. Nordstern tì ní 1993, Consolidation náà kò ré kọjá àwọn ọdún 1990 yẹn, Hugo tì ní 2000, Westerholt sì tẹ̀ lé e ní 2008. Ilé iṣẹ́ irin Schalker Verein kógbá sílé ní 2004. Ìlú tí wọ́n ń pè ní ìlú ẹgbẹ̀rún iná, nítorí àwọn ìléru tó ń jó lóru, tí iye ènìyàn ibẹ̀ sì sún mọ́ 390,000 ní òpin àwọn ọdún 1950, kò ní tó 275,000 mọ́ báyìí. Àìríṣẹ́ṣe ibẹ̀ wà lára èyí tó ga jù ní gbogbo Jámánì, nínú ìṣirò kan tí àjọ Hans Böckler gbé jáde ní 2019, Gelsenkirchen ni owó tó ń kù sọ́wọ́ ará ìlú kéré sí jù lọ. Wọ́n gbìyànjú: Shell ṣí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò iná oòrùn síbẹ̀ ní 1999, wọ́n sọ ilẹ̀ Nordstern di ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n sì kọ́ ọgbà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Iye tí àwọn wọ̀nyí gbà síṣẹ́ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí kòtò èédú ti ń bọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ Ruhr ti rì ní ọ̀pọ̀ ibi nítorí ohun tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ ní láti máa fa omi lálẹ́ àti lọ́sàn-án títí láé, kí omi má baà bo àwọn àdúgbò tí ènìyàn ń gbé.

Ó yẹ ká wá yẹ àlàyé náà wò. Bó bá jẹ́ pé ikú èédú ló ń pa Schalke, ó yẹ kí ẹgbẹ́ náà máa rẹlẹ̀ bí kòtò kọ̀ọ̀kan ṣe ń tì. Mo gbà pé àwọn ọdún 1980 bá èyí mu díẹ̀: Schalke já bọ́ sí líìgì kejì ní 1981, ní 1983 àti ní 1988, nígbà tí irin àti èédú ń ṣòjòjò papọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tó ṣáájú ìyẹn kò ti ọ̀dọ̀ èédú wá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 1971, àwọn agbábọ́ọ̀lù Schalke gba owó ẹ̀yìn, wọ́n sì jẹ́ kí Arminia Bielefeld na àwọn ní 1–0 lórí pápá àwọn fúnra wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, àwọn kan nínú wọn búra èké. Ikọ̀ tó dára débi pé ó gba ife DFB, ìyẹn ife ìdíje àjọ bọ́ọ̀lù Jámánì, ní 1972 ni ẹjọ́ yẹn tú ká.

Ẹ tún wo 1997. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún yẹn, nǹkan bí 220,000 ènìyàn di ọwọ́ ara wọn mú ní ìlà kan tó gùn tó kìlómítà 93 la agbègbè Ruhr já, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ fẹ́ gé owó ìrànwọ́ tó ń gbé iṣẹ́ èédú ró. Ẹ̀rù ń ba gbogbo ilé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, Schalke, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Huub Stevens, na Inter Milan nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá UEFA Cup: 1–0 nílé, 0–1 ní Milan, lẹ́yìn náà 4–1 nínú pẹnáritì. Marc Wilmots ló gbá góòlù nílé, òun náà ló sì gbá pẹnáritì tó fi ìdí ìṣẹ́gun múlẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méje péré, Dortmund tó jẹ́ aládùúgbò gba Champions League. Ní ọdún tí èédú Ruhr ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀, ọwọ́ Ruhr ni méjì nínú àwọn ife ńlá ilẹ̀ Yúróòpù bọ́ sí.

Dortmund gan-an ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Èédú àti irin kan náà ni Dortmund pàdánù. Ó kéré díẹ̀ kí ẹgbẹ́ náà di onígbèsè tí kò lè san ní 2005, lẹ́yìn tó ti ta ìpín lọ́jà ìdókòwò ní 2000 tó sì ná owó náà dànù. Ṣùgbọ́n wọ́n gé ara wọn kúrú, wọ́n gba Jürgen Klopp ní 2008, wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ gba Bundesliga, líìgì àkọ́kọ́ ní Jámánì, ní 2011 àti 2012. Bí ìlú méjì bá pàdánù ohun kan náà, tí ẹgbẹ́ kan gòkè tí èkejì sì wálẹ̀, ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ìpinnu ni a gbọ́dọ̀ wò.

Ìpinnu tó tóbi jù ní Schalke ni pápá tuntun náà, èyí tí Rudi Assauer, ọ̀gá eré ìdárayá ẹgbẹ́ náà, fi gbogbo agbára lé títí tó fi dìde. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kẹjọ 2001, owó tó lé ní 180 mílíọ̀nù yúrò ni wọ́n ná sí i, gbèsè ló sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mi ò ní dá wọn lẹ́bi fún ìyẹn. Pápá dídára ni, ó ń wọlé owó títí di òní, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdíje Yúróòpù 2024 sì wáyé níbẹ̀. Ohun tó dùn mí ni bí wọ́n ṣe ń ná owó lẹ́yìn náà. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí pápá náà tán tí wọ́n tún yá mílíọ̀nù 85 yúrò, wọ́n sì fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ọdún tó ń bọ̀ dúró fún un. Ẹni tó bá ti ṣe oko mọ ohun tí à ń pè ní jíjẹ èbù: iṣu ọdún yìí yóò yó ọ, ṣùgbọ́n kí ni wàá gbìn lámọ̀ọ́dún? Láti 2007, Gazprom, ilé iṣẹ́ gáàsì ti Rọ́ṣíà, di onígbọ̀wọ́ wọn, owó náà sì pọ̀ tó láti jẹ́ kí wọ́n máa san owó oṣù bí ẹgbẹ́ tó dájú pé yóò gbá Champions League lọ́dọọdún.

Ẹ ní láti mọ ìdí tí kò fi sí ẹni tó lè sọ pé ó tó. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 2001, Schalke na Unterhaching ní 5–3 ní pápá àtijọ́, Parkstadion, ìròyìn sì tàn pé wọ́n ti gba Bundesliga. Èrò ti ya wọ inú pápá, àwọn àgbàlagbà ń sunkún ayọ̀, kí Patrik Andersson ti Bayern tó gbá góòlù wọlé ní àfikún àsìkò ní Hamburg, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, tó sì gba ife náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, gbogbo alága àti gbogbo ọ̀gá tó jókòó ní Schalke ló ń lépa ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn. Ní ìlú tí iṣẹ́ ti tán, ẹni tó bá dìde níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti sọ pé kí wọ́n fi ọdún mẹ́ta san gbèsè, kí wọ́n sì fara mọ́ ipò kẹsàn-án, kò ní pẹ́ lórí àga. Mo gbà pé ibí yìí nìkan ni ikú èédú ti kan ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Ibi tó sì ti dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Nínú ikọ̀ Jámánì tó gba ife àgbáyé ní Brazil ní 2014, mẹ́rin ló ti ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Schalke jáde: Manuel Neuer, Benedikt Höwedes, Mesut Özil àti Julian Draxler. Neuer àti Özil, ọmọ bíbí Gelsenkirchen ni wọ́n. Ìlú yìí kò ṣaláìní ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, kódà İlkay Gündoğan, ẹni tí bàbá-bàbá rẹ̀ wá láti Tọ́kì láti ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú, níbẹ̀ ni wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lọ nígbà tó yá. Joel Matip lọ sí Liverpool ní 2016, Sead Kolašinac lọ sí Arsenal ní 2017, Leon Goretzka lọ sí Bayern ní 2018, Max Meyer lọ sí Crystal Palace ní ọdún yẹn kan náà, aṣọ́lé Alexander Nübel sì lọ sí Bayern ní 2020. Àdéhùn gbogbo wọn ló parí, kọ́bọ̀ kan kò sì wọ àpò Schalke. Ẹgbẹ́ tó wà nínú gbèsè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́ kí ohun tó níyelórí jù lọ lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì yá owó láti ra àwọn tí kò tó wọn. Kò sí kòtò èédú kankan tó fa èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rántí Agali, ẹ ó rántí pé òun náà gbá góòlù wọlé nígbà tí Schalke na Leverkusen ní 4–2 nínú àṣekágbá ife DFB ní 2002. Chinedu Obasi náà wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù yẹn lẹ́yìn náà. Gerald Asamoah, tí wọ́n bí ní Ghana, di ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní tiwọn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ tí Clemens Tönnies, alága ìgbìmọ̀ alábòójútó ẹgbẹ́ náà, sọ ní Paderborn ní oṣù Kẹjọ 2019 ta ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Ó ní dípò kí ìjọba fi owó orí kún owó orí nítorí ojú ọjọ́, kí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ mànàmáná sí Áfíríkà, nígbà náà àwọn ará Áfíríkà kò ní máa gé igi mọ́, wọn kò sì ní máa bímọ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ó tọrọ àforíjì, ó yẹra fún oṣù mẹ́ta, ó sì padà sórí àga rẹ̀. Asamoah sọ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun. Fún ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ aṣíkiri sọ di ńlá, ẹgbẹ́ tí wọ́n fi orúkọ Poland bú ní ìgbà èwe rẹ̀, oṣù mẹ́ta kéré jọjọ lójú tèmi. Ní oṣù Kẹfà 2020 ni ó tó fi ipò sílẹ̀, lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà tàn kálẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ ẹran rẹ̀ tí ariwo sì pọ̀ jù.

Kòrónà yẹn ló sì tú àṣírí owó náà. Nígbà tí pápá ṣófo, owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fi dúró fún gbèsè kò wọlé mọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ North Rhine-Westphalia sì ní láti ṣe onídùúró kí báńkì tó lè yá wọn lówó. Gbèsè ti kọjá 200 mílíọ̀nù yúrò. Lórí pápá, láti oṣù Kìíní 2020 ni wọ́n ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Bundesliga 30 láìborí nínú ẹyọ kan, ó ku ẹyọ kan kí wọ́n bá àkọsílẹ̀ búburú ti Tasmania Berlin dọ́gba, kó tó di pé Matthew Hoppe, ọmọ Amẹ́ríkà, gbá góòlù mẹ́ta wọ ilé Hoffenheim ní oṣù Kìíní 2021. Akọ́nimọ̀ọ́gbá márùn-ún ló darí wọn ní sáà kan náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 2021 wọ́n já bọ́, Arminia Bielefeld ló sì nà wọ́n ní 1–0, ó pé àádọ́ta ọdún àti ọjọ́ mẹ́ta géérégé lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n ta ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fún ẹgbẹ́ kan náà. Àmì 16 péré ni wọ́n kó jọ. Lóru ọjọ́ náà, àwọn kan lára àwọn alátìlẹyìn dúró de àwọn agbábọ́ọ̀lù níwájú pápá, wọ́n sì lé wọn kiri. Ìwà ìtìjú ni, àwíjàre kankan kò sì sí fún un.

Wọ́n gòkè padà ní 2022, wọ́n tún já bọ́ ní 2023, wọ́n sì parí sáà 2024–25 ní ipò 14 nínú líìgì kejì. Láàárín ìgbà yìí náà ni wọ́n ṣe ohun kan tí mo gbóríyìn fún gidigidi: nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine ní oṣù Kejì 2022, wọ́n yọ orúkọ Gazprom kúrò lára aṣọ wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n sì fòpin sí àdéhùn náà ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí wọ́n nílò owó náà ju ti ìgbàkígbà rí lọ.

Ó ku apá kejì ìbéèrè yín, ìyẹn ìdí tí pápá náà fi ń kún. Nínú líìgì kejì, tó fi mọ́ sáà tí wọ́n parí ní ipò 14, ó lé ní 60,000 ènìyàn tó ń wá wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Schalke nílé ní ìpíndọ́gba, nínú pápá tó gba nǹkan bí 62,000. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1931 ti fi díẹ̀ hàn nínú ìdáhùn náà. Ìyókù wà nínú bí ẹgbẹ́ náà ṣe wà: Schalke kì í ṣe ilé iṣẹ́ ẹnìkan, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni, iye wọn lé ní 180,000, wọ́n ń dìbò yan ìgbìmọ̀ alábòójútó, wọ́n sì lè dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé gbogboogbò. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Bundesliga ti yọ ẹ̀ka bọ́ọ̀lù wọn sọ́tọ̀ di ilé iṣẹ́ kí olùdókòwò lè ra ìpín níbẹ̀. Schalke kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ń wá owó láti fi dín gbèsè kù, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n dá sílẹ̀, kí àwọn olólùfẹ́ lè dáwó jọ láti ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ tó ni pápá ìṣeré náà. Àwa tí a mọ bí àjọ àti alájẹṣẹ́kù ṣe ń gbé ilé ró yóò tètè mọ ohun tí wọ́n ń gbìyànjú láti ṣe.

Iṣẹ́ èédú fúnra rẹ̀ sì ti di ohun tí pápá náà ń tọ́jú. Ọ̀nà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà jáde ni wọ́n ṣe bí ihò inú kòtò èédú. Ní oṣù Kejìlá 2018, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti kòtò èédú abẹ́ ilẹ̀ ìkẹyìn ní Jámánì pa, Prosper-Haniel ní Bottrop, èrò tó kún pápá Schalke kọ orin àwọn awakùsà pọ̀ láti dágbére fún iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ kò sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò rí, ṣùgbọ́n bàbá wọn ṣe é tàbí bàbá-bàbá wọn. Níbòmíràn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan ló ń ṣe irú ìrántí bẹ́ẹ̀. Ní Gelsenkirchen, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ṣe é, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ náà ń gba ara rẹ̀ là, tábìlì líìgì nìkan kò ní sọ fún yín. Wọ́n gba Miron Muslić gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2025, ẹgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sáà 2025–26 dáadáa, ṣùgbọ́n ní 2022 náà wọ́n gòkè, sáà kan péré ni wọ́n sì lò lókè. Ìwé ìṣirò owó tí wọ́n ń gbé jáde lọ́dọọdún ni kí ẹ máa wò, nítorí gbèsè náà ti ń wálẹ̀ láti 2021, ohun tó sì ṣe pàtàkì ni kó máa wálẹ̀ lọ bí wọ́n bá tún padà sí Bundesliga, nígbà tí ìdẹwò yóò tún dé. Ẹ tún máa wo àdéhùn àwọn ọ̀dọ́ wọn. Nígbà tí Assan Ouédraogo, ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù wọn tọ́ dàgbà, kúrò lọ sí RB Leipzig ní 2024, ó dun àwọn olólùfẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n Schalke gba owó lórí rẹ̀.